Ìdí Ìyá Ṣadé àti Sípíríńgì

Nígbà tí irun ṣì kún orí mi, tí orúnkún mi ò tíì máa ké ju mọ́tò lọ, Kétu níbí ni mo ti ń ṣe mẹkáníìkì. Ẹ gbọ́... Kọ́lá, fi fóònù yẹn sílẹ̀! Ẹ̀rọ tó o fi ń tẹ sípíríńgì mọ́tò àtijọ́ tó o rà yẹn, a ò ní in nígbà yẹn. Kí la ní? Èèyàn la ní.

Lọ́jọ́ kan, mo ń tún ẹsẹ̀ iwájú mọ́tò bàbá onílé kan ṣe. Mo ti pààrọ̀ gbogbo búṣì, àwọn rọ́bà ẹsẹ̀ mọ́tò, ó ku kí n tẹ sípíríńgì wọlé. A ti sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, iwájú mọ́tò wá fúyẹ́ bíi páànù. Mo bá fi jáàkì ti ẹsẹ̀ ọ̀hún láti ìsàlẹ̀... sípíríńgì ò tẹ̀, mọ́tò ló ń dìde! Àpò yanrìn Agboyi tá a máa ń gbé lé iwájú mọ́tò kó lè wúwo, ó ti ya.

Ta ló wá ń kọjá? Ìyá Ṣadé, télọ̀ àdúgbò wa. Obìnrin ńlá! Bẹ́ǹṣì tó bá ti jókòó sí, ìwọ lọ wá ibòmíràn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Ṣadé ọmọ ẹ̀ ni mo fẹ́ fẹ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an làwọn èèyàn mi fẹ́ lọ tọrọ ẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ọ́ìlì. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó síwájú mọ́tò yìí díẹ̀."

"Kí n jókòó kí n ṣe kí ni?"

Ẹ̀yin náà, irọ́ wo ni kí n pa? "Ẹ wúwo, mà."

Háà! Ọ̀gá mi ní, "Ó parí fún ẹ. Lọ wá ìyàwó sí Ògùdù."

Ìyá Ṣadé wò mí látòkè délẹ̀. "Gbogbo àwọn tó ń wá ọmọ mi wá, ọmọge ni wọ́n ń pè mí. Òpùrọ́ ni gbogbo wọn." Ó ká ìró sókè, ó jókòó. Ẹ gbọ́ o... sípíríńgì yẹn tẹ̀, ó tẹ̀, ó ké kíú! Mo yára di nọ́ọ̀tì pa.

"Ó ti wọlé?"

"Ó ti wọlé, mà."

"Ìwọ náà, wá wọlé wa ní Sátidé."

Ṣadé ọ̀hún ló wà ní kíṣìnnì yẹn, ìyá àgbà yín, tó ń bú mi látàárọ̀ torí mo ní iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀.

Ayé ti yí o. Kọ́lá, o ní o ò tíì rí ìyàwó. O ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ẹ̀rọ ń tẹ sípíríńgì fún ẹ, kò bú ẹ, kò wò ẹ́ látòkè délẹ̀. Ó dáa... Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn, ọmọbìnrin wo ló bí?