Fóònù Múfú Tí Mo Tú Wò

Wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Ẹ má wá ẹni tẹ́ ẹ máa di ẹ̀bi náà rù kiri, èmi ni mo pa Múfú. N ò bẹ̀bẹ̀ fún àánú. Ẹ ṣáà gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Yàrá kan náà la jọ ń gbé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ní Àgídìngbì, lẹ́yìn ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe bísíkíìtì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọmọ jẹ́jẹ́. Tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ nírọ̀lẹ́, ojú iná kan ṣoṣo la ti ń gba iná sí fóònù, ẹnì kan á sì jókòó tì wọ́n. Lọ́jọ́ tó kàn mí, Múfú fẹ́ lọ kírun alásárì.

"Ẹ̀gbọ́n, tí olùkọ́ bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ bá mi wò ó o."

Ló bá sọ nọ́ńbà tó fi ti fóònù rẹ̀ pa fún mi. Kò fura rárá.

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Wàásápù òun àti ìyá rẹ̀ ni mo ṣí. Ìyá náà fi ohùn ránṣẹ́: "Múfútaù, má sunkún mọ́. Tó o bá tún tọ̀ sílé, tètè fọ aṣọ náà kí wọ́n tó jí. Ọlọ́hun á wò ọ́ sàn."

Ha! Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ọkùnrin tó ti hu irùngbọ̀n! Mo fi í ránṣẹ́ sórí fóònù tèmi, mo gbé e fún ọ̀rẹ́ mi kan. Mo ní, "Má jẹ́ kó jáde o." Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ti gbọ́. "Atọ̀ọ́lé!" ni wọ́n ń fi kọrin mọ́ ọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi lọ sí kíláàsì, èmi aláìnítìjú sì ń bá a kẹ́dùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, mo ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tó wọlé. Mo ti pa ohùn náà rẹ́ lórí fóònù mi, àmọ́ mo gbàgbé pé ibi tí mo ti fi í ránṣẹ́ ṣì wà lórí tiẹ̀, pẹ̀lú orúkọ mi.

Ó gbé ojú fóònù rẹ̀ sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni?"

"Gbé e wá kí n wò ó."

"Ó tì o. Alábòójútó họ́sítẹ́ẹ̀lì ni n ó fi hàn."

Ọdún tí mo máa kẹ́kọ̀ọ́ jáde nìyẹn. Mo mọ̀ pé wọ́n á lé mi. Mo fẹ́ já fóònù náà gbà, kò jù ú sílẹ̀. Mo bá gbé áyọ́ọ̀nù, mo là á mọ́ ọn lórí. Ó ṣubú, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ò tú lára fóònù. Mo tún là á mọ́ ọn. Ariwo ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ẹ̀yìn wa ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Fóònù tí wọ́n bá lọ́wọ́ òkú rẹ̀ ló tú àṣírí mi.

Nígbà tí wọ́n ń mú mi jáde ní kóòtù, ìyá rẹ̀ di aṣọ mi mú. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ọmọ mi pè mí?"

Mo ní rárá, pé ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló kú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, fóònù tí wọ́n bá fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ má tú u wò. Ẹ má sì sọ nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi ti tiyín pa fún ẹnikẹ́ni, àní ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sùn ní yàrá kan. Èmi ni Múfú fọkàn tán.

Ìyá Múfú, irọ́ ni mo pa fún yín. Kí n tó là á mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kejì, ó ní, "Màámi." Mo gbọ́ ọ ketekete.