Wọ́n Bá Mi Tún Ẹ̀yìn Ilé Ṣe

Jókòó sínú yàrá níbí ná, Àǹtí Kékeré, má tíì gbé àga lọ síta, mo bẹ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ooru ń mú. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ilé yẹn ni ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń jókòó sí, tí ẹ ó máa sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ò fẹ́ kí n gbọ́, tí ẹ ó máa rẹ́rìn-ín bí ọmọ iléèwé. Ṣùgbọ́n tí mo bá kàn ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún ọ láìsọ nǹkan kan, o máa pariwo, àwọn tó ń gbé lókè wa á gbọ́, ọ̀rọ̀ náà á sì dé etí ọmọ tí mi ò fẹ́ kó dé. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyàwó mi, ẹ̀gbọ́n rẹ, tí o ti padà sẹ́nu iṣẹ́, o ò tíì wọ ilé yìí, o ò mọ ohun tó bá mi. Wọ́n ṣe mí lóore ni. Oore ni o, mo ń bá a sùn, mo ń bá a jí, mi ò sì rẹ́ni sọ ọ́ fún.

Ta ló ṣe é? Àkọ́bí mi obìnrin ni. Ọmọ tí ìwọ fúnra rẹ pọ̀n dàgbà. Má tíì dá mi lóhùn, jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí tí mo bá dúró, mi ò ní lè bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Ṣé o rántí ìgbà tí a kó wá síbí? Orúnkún ẹ̀gbọ́n rẹ ló lé wa sọ̀ kalẹ̀ láti òkè kejì. Dókítà ní ká wá ilé ìsàlẹ̀, la bá rí èyí, yàrá méjì tí ẹ̀yìn rẹ̀ burú ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Pèpéle sìmẹ́ǹtì kan tó ti sán, tí kò fẹ̀ ju ẹní tí èèyàn méjì lè sùn lé lọ, àti ilẹ̀ líle tó yí i ká, tí àwọn bíríkìlà da àṣẹ́kù iyanrìn àti ìṣó sí, páìpù omi ìdọ̀tí sì ń wò wá lójú lára ògiri. Mo ní ká ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa, ká fi kọ́tìnì bò ó. Ìwọ náà mọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Ó ní òun ò torí kọ́tìnì sọ̀ kalẹ̀ láti òkè.

Kò sì sówó òdòdó. Èmi ń ránṣọ, òun ń fọ aṣọ aláìsàn nílé ìwòsàn, kí la fẹ́ fi ra òdòdó? Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa nǹkan jọ. Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù tí àwọn tó ń kọ́lé dà sẹ́bàá ọ̀nà, ó tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ó ń kó o wálé ní méjì méjì nínú báàgì ọjà, tòun torúnkún dídùn, ó sì tò ó yí ilẹ̀ náà ká. Ike ọ̀dà tó ti ṣófo, èmi ni mo fi ìṣó gbígbóná lu ìdí wọn kí omi lè máa jáde. Irin ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi àkọ́kọ́, èyí tí mo fẹ́ kó fún onírin, ó ní kí n gbé e wá, ó gbé pákó kan lé e lórí, ó di tábìlì òdòdó. Omi tí a bá fi fọ ìrẹsì, ibẹ̀ ló ń dà á sí. Àjákù aṣọ inú ṣọ́ọ̀bù mi ló fi ń so èyí tó bá fẹ́ tẹ̀, débi pé tí o bá wo ẹ̀yìn ilé wa lọ́dún yẹn, gbogbo aṣọ tí mo rán fún aráyé ni wàá rí níbẹ̀.

Òdòdó fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bàbá tó ń tọ́jú ọgbà ilé ìwòsàn máa ń hú èyí tó bá ti fún jù, á kó gbòǹgbò rẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ á kó o sínú ọ̀rá, á gbé e wálé bí ẹni gbé ẹran. Ìdò pupa ló gbìn sídìí páìpù, kò pẹ́ rárá tí a ò fi rí páìpù náà mọ́. Lílì funfun, tí ìdí rẹ̀ dà bí àlùbọ́sà, ó gbin ìyẹn síwájú. Tannáposó, tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ló ń là, ó fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ní ìgbà tí àwa méjèèjì bá ti ibiṣẹ́ dé ni kó máa là.

Mo ra irúgbìn kan fún un nígbà kan, èyí tí àwòrán wà lára ọ̀rá rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé á tún hù lọ́dún tó ń bọ̀, mo ní wọ́n ní ọdún kan péré ló ń lò, ló bá dì í padà fún mi. Ó ní èyí tó máa wọlẹ̀ lọ sinmi, tí á sì tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, ni òun ń fẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, gbogbo rẹ̀ á rọ, á gbẹ, á wọlẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ilẹ̀ náà ti kú. Òjò méjì, òjò mẹ́ta, wọ́n ti yọrí.

Ìgbà tó kú, ìwọ náà wà níbẹ̀, mi ò ní tún ìyẹn sọ. Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ni o ò mọ̀. Gbogbo nǹkan ẹ̀yìn ilé wọlẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, èmi wá rò ó sínú ara mi pé wọ́n bá a lọ ni. Mo ti ilẹ̀kùn pa. Mi ò bomi rin ín, mi ò wo ibẹ̀. Àfi àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ ṣáájú, mo ṣílẹ̀kùn pé kí n da omi ìfọṣọ nù, mo rí ìdò tó yọ, ewé rẹ̀ ká jọ bí aṣọ tuntun tí a ká mọ́ páálí. Mo jókòó sórí pèpéle títí oòrùn fi dé orúnkún mi. Mo kí i káàbọ̀, Àǹtí Kékeré. Má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo la ẹnu mi, mo kí òdòdó káàbọ̀.

Nígbà yẹn awọ ti ń bò mí lójú. Mi ò lè fi okùn bọ abẹ́rẹ́ mọ́, mo ti ti ṣọ́ọ̀bù. Pupa rẹ̀rẹ̀ ni mò ń rí ìdò, funfun bàìbàì ni mò ń rí lílì. Òórùn tannáposó ni mo fi ń mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́. Mo fi odidi àsìkò òjò kan jókòó tì wọ́n báyẹn, mo sì ń rò ó pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú yìí fún mi, màá rí wọn dáadáa.

Wọ́n wá ṣe é. Ẹ̀ẹ̀rùn tún ti dé, àwọn òdòdó ti wọlẹ̀. Ilé ọmọ mi ọkùnrin ni mo wà fún odindi oṣù kan, wọ́n ṣe ojú kan, wọ́n tún ṣe ìkejì. Tí mo bá dùbúlẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì bò mí lójú, mò ń ka oṣù tó kù kí òjò bẹ̀rẹ̀.

Àkọ́bí mi ló wá fi ọkọ̀ gbé mi wálé. Ó ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà, mi ò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Nígbà tí a débí, ó ní kí n dijú. Ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là fún mi, ó ní kí n dì í. Ó fà mí lọ́wọ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ṣí i, ó ní, "Bàbá, ẹ lajú."

Sìmẹ́ǹtì. Láti ẹsẹ̀ ògiri dé ẹsẹ̀ ògiri, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n dà. Wọ́n tẹ́ koríko oníke lé e lórí, ó tutù lójú ju koríko gidi lọ. Wọ́n kan àpótí mọ́ páìpù. Búlọ́ọ̀kù ò sí, irin ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mi ò sí. Ìkòkò funfun mẹ́fà ni wọ́n tò, òdòdó oníke kún inú wọn, pupa, yẹ́lò, àwọ̀ oríṣiríṣi. Ojú mi sì ti là, ìyẹn ló burú níbẹ̀. Mo dúró lókèèrè, mo ń rí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ ewé kọ̀ọ̀kan pọ̀, bí mo ṣe máa ń rí ojú rírán aṣọ ẹlòmíì. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fi ojú tuntun rí kedere lẹ́yìn ilé mi nìyẹn.

Ó ní, "Bàbá, ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ bomi rin nǹkan kan mọ́. Èyí ò ní kú láéláé."

Kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀? Ohun tí mo ń bi ara mi nìyẹn láti ọjọ́ náà. Ọmọ náà ní gbogbo ìgbà tí òun bá wá ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, kí n tó lọ ṣe ojú, tí òun rí i tí mo jókòó síwájú ilẹ̀ gbígbẹ yẹn, ńṣe ló dà bíi pé ojú sàréè ìyá òun ni mo jókòó tì. Ó ní òun ò lè fara dà á mọ́, òun gba ìsinmi níbi iṣẹ́, òun dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìwọ náà sì mọ bó ṣe jẹ́. Iṣẹ́ ló mú un rìnrìn àjò, wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ ti lọ ló tó dé. Kò sunkún nígbà ìsìnkú, àwọn èèyàn ń sọ ọ́ lẹ́yìn pé ọkàn rẹ̀ le. Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí mo ní, "O ṣeun, ọmọ mi, ó dára," ló gbé orí lé mi léjìká, ó sunkún títí ṣẹ́ẹ̀tì mi fi rin. Obìnrin tó ti lé lógójì ọdún. Kí ni n bá sọ fún un? Kí n ní òun ló mú kí wọ́n hú ìyá òun dànù?

Ọjọ́ kejì mo wá bíríkìlà tó bá a da sìmẹ́ǹtì náà lọ. Ó ní àwọn kó gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀ ni, àwọn lọ dà á síbi tí wọ́n ń da pàǹtí ilé wíwó sí. Mo mú ọ̀rá kan àti igi kan, mo wọkọ̀ débẹ̀. Mo bá ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ibẹ̀, ó bi mí pé kí ni mò ń wá. Mo ní nǹkan ìyàwó mi tó ti kú ni wọ́n ṣèèṣì kó wá. Àánú mi ṣe é. Ó lọ mú ṣọ́bìrì, a bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀, èmi àtòun, nínú oòrùn. A rí àjákù aṣọ bulúù kan, mo mọ̀ ọ́n, èmi ni mo gé e. A ò rí nǹkan mìíràn, torí katakátá ti tẹ gbogbo ibẹ̀ pẹrẹsẹ. Nígbà tó di ọ̀sán gangan, ó nu òógùn ojú, ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé wúrà ni?"

Mo ní gbòǹgbò òdòdó ni.

Kò bú mi o. Ó rọra gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó bu omi fún mi mu, ó ní kí n máa lọ sílé, oòrùn ti mú jù.

Òjò ti wá bẹ̀rẹ̀ báyìí. Tó bá ń rọ̀, orí ike ló ń kù pà pà pà. Àwọn ará òkè á yọjú, wọ́n á ní Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń jayé. Ní ọjọ́ Sátidé, màá mú àkísà, màá máa nu eruku kúrò lára òdòdó oníke lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ọjọ́ Àìkú ni ọmọ ń wá. Ó sì ń wá, ìyẹn ló dì mí lẹ́nu. Ní gbogbo Ọjọ́ Àìkú ló ń wá. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wà láyé, oṣooṣù la ń rí i. Ní báyìí á jókòó síbẹ̀, á bọ́ bàtà, á fi ẹsẹ̀ ra koríko oníke, á máa sọ ìtàn ibiṣẹ́ rẹ̀ fún mi. Ṣé n wá ba ìyẹn jẹ́?

Má sọ fún mi pé kí n gbin òmíràn. Inú kí ni? Tí mo bá gbé ike ọ̀dà kan síbẹ̀, á bi mí pé kí ló ṣe èyí tí òun rà. Mo sì dé ilé ìwòsàn, Àǹtí Kékeré, wọ́n ti sọ ọgbà di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ìwọ ńkọ́, kò fún ọ ní ìkankan rí? Ó fún ọ? Lílì? Ibo ló wà? Ah. O fún ẹlòmíì, ẹni náà ti kó lọ. Ó dáa. Kò burú. Mi ò dá ọ lẹ́bi, orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lò ń gbé, níbo lo fẹ́ gbìn ín sí?

Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan mọ̀ ni. Ó yẹ kí ẹnì kan láyé yìí mọ ohun tó wà lábẹ́ sìmẹ́ǹtì yẹn tẹ́lẹ̀. Dìde, ó tó, wá, n ó ṣílẹ̀kùn fún ọ báyìí. Rọra. Wò ó. Bí mo ṣe wí náà ni, àbí mo purọ́? Má ṣe bẹ́ẹ̀. Má sunkún, má jẹ́ kí èmi náà bẹ̀rẹ̀.

Dákẹ́ ná, fóònù mi nìyẹn. Òun ni. Ó mọ̀ pé òní lò ń bọ̀.

Ǹlẹ́ o, ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti dé. Ẹ̀yìn ilé la wà báyìí. Ó ti rí i. Kí ló sọ? Dúró, jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọ.

Nu ojú rẹ, Àǹtí Kékeré, kó má gbọ́ ọ lóhùn. Gbà. Sọ fún un pé ó rẹwà.