Ohun Tí Noreen Sọ Lójú Oorun

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ pa tẹlifíṣàn yẹn, kẹ́ ẹ fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Dókítà ti sọ tiẹ̀, ó ku kí n sọ tèmi. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè.

Ẹ mọ̀ pé torí Faransé tí mo gbọ́ ni ìjọba fi sọ mí di ọ̀gá ní Ottawa. Ẹ ò mọ bó ṣe jẹ́. Èmi àti Noreen Gaudry, ọmọ Winnipeg, ni wọ́n jọ rán lọ sí iléèwé kan tí wọ́n ti ń kọ́ Faransé létí odò Saint-Laurent, oṣù mẹ́ta gbáko, inú yàrá kan náà. Ipò kan ṣoṣo ló ṣófo, ẹni tó bá yege nínú àwa méjèèjì ló máa gbà á. Òfin ibẹ̀ sì le: tí Gẹ̀ẹ́sì bá jáde lẹ́nu ẹ lẹ́ẹ̀mẹta, o máa palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́ ni. Madame Thibeault, olùkọ́ wa, a máa fi ṣọ́ọ̀kì fa igi síwájú orúkọ ẹni lára pátákó.

Ipò yẹn kọ́ ló ká Noreen lára. Màmá ẹ̀ ti darúgbó, àìsàn ti gba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ wọn, Faransé ìgbà èwe wọn nìkan ló kù. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Glenda, màmá mi ń bá mi sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín sí wọn bí ọ̀dẹ̀ ni." Madame a ní ọjọ́ téèyàn bá lálàá ní Faransé ló tó gbọ́ ọ dáadáa. Noreen a ní, "Ẹ gbàdúrà fún mi o, Madame. Màlúù ni mo lá lánàá, kò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ rárá." Gbogbo wa a bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, igi méjì ti wà níwájú orúkọ ẹ̀. Àmọ́ etí ẹ̀ ti ń yá ju tèmi lọ, mo sì rí i pé òun ló máa gba ipò yẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn tá a jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà tán, kùrukùru gba orí odò wọ yàrá wa, àfi bíi pé ilé ń léfòó. Noreen sùn lọ. Ojú oorun ló wà tó fi sọ ọ́, ní Gẹ̀ẹ́sì, ketekete: "Màmá, ẹ dúró dè mí, mò ń bọ̀." Ó ń rẹ́rìn-ín, ojú ẹ̀ sì wà ní pípadé.

Mo rọra ti ilẹ̀kùn, mo lọ bá Madame. Mo ní, "Noreen ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lórí fóònù." Ẹnu mi yìí náà ni o! Kò sẹ́ni tó rán mi.

Madame ò dárúkọ mi. Ó kàn pè é síwájú gbogbo wa: "Sọ tẹnu ẹ. Faransé ni kó o fi sọ ọ́ o." Noreen ní, "Fóònù, rárá... mo sùn... mo..." Ó yíjú sí mi pé kí n gba òun. Odò ni mò ń wò. Madame bá fa igi kẹta.

Nídìí bọ́ọ̀sì, ó dì mọ́ mi. Ó ní, "O ṣeun, Glenda. Ìwọ nìkan lo ní sùúrù fún mi."

Màmá ẹ̀ kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mo gbọ́ pé títí wọ́n fi dákẹ́ ni wọ́n ń bi Noreen ní nǹkan kan, kò sì mọ ohun tó jẹ́.

Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe ọ̀gá, mi ò lálàá ní Faransé rí. Inú àìsàn yìí ló ti bẹ̀rẹ̀. Kùrukùru ọjọ́sí náà ni, ìyá arúgbó kan á jókòó létí odò, á máa bi mí pé, "Ọmọ mi dà?" Gbogbo ẹ̀ ni mò ń gbọ́. Mo mọ èsì ẹ̀ pàápàá, ẹnu mi ni ò là.

Ẹ bá mi wá Noreen. Ẹ má sọ fún un pé mò ń kú lọ, kó má lọ torí ẹ̀ ṣàánú mi. Ẹ bẹ̀ ẹ́. Kẹ́ ẹ wá sọ fún un pé èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn, pé kò sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn: ó ń sùn ni, màmá ẹ̀ ló sì ń pè.