Irin Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ẹ̀yìn Àlàó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ara mi ń rí mi lára. Ohun tí mo ṣe nígbà Sáàpù, nígbà tí ọ̀wọ́n ọjà gbòde láyé ìjọba ológun, mo rò pé màá gbé e wọ sàréè ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá kò ṣeé gbé mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Fọ́tò ni mò ń yà ní Sàngó-Ọ̀tà nígbà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ a máa pè mí kí n ya àwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ wọn, kí ará ilé lè rí i pé ọmọ àwọn ti ríṣẹ́ gidi. Báyìí ni mo ṣe ya Àlàó, ọmọ Òkèhò tí a jọ ń gbé ilé kan náà. Ó dúró níwájú ẹ̀rọ tó ń lọ ike, ó ń rẹ́rìn-ín. Bébà fọ́tò wọ́n bí ojú lásìkò yẹn, mi ò tíì tẹ̀ ẹ́ fún un. Fíìmù rẹ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ mi.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀rọ yẹn gé ọwọ́ ọ̀tún Àlàó. Ó ní ẹnu ẹ̀rọ náà kò ní ìdérí onírin rí, pé kí iléeṣẹ́ sanwó ọwọ́ òun. Òótọ́ ló sọ. Èmi náà fojú ara mi rí i.

Máníjà iléeṣẹ́ wọn gbọ́ pé mo ti ya Àlàó níwájú ẹ̀rọ náà, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó mú mi lọ síbi ẹ̀rọ mìíràn tó ní ìdérí, ó ní kí n yà á, kí n fi irin náà sínú fọ́tò Àlàó. Ó ní èmi ni màá máa ya gbogbo òṣìṣẹ́ àwọn láti ọjọ́ náà lọ. Mo ní, "Yẹs, sà." Tùẹ̀! Mi ò tiẹ̀ bi í léèrè ohunkóhun.

Iṣẹ́ ńlá ni. Bí mo bá kàn lẹ irin lé fọ́tò lórí, á bo Àlàó mọ́lẹ̀, ọmọdé á mọ̀ pé irọ́ ni. Mo ní láti wo bí nǹkan kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí kámẹ́rà. Ẹ̀rọ ló jìnnà jù, irin tẹ̀ lé e, Àlàó ló sún mọ́ wa. Mo tẹ fọ́tò méjèèjì, mo fi abẹ gé Àlàó jáde, etí, èjìká, gbogbo rẹ̀. Mo lẹ irin lé ẹ̀rọ, mo wá lẹ Àlàó padà lé irin. Mo fi pẹ́ńsù kun òjìji rẹ̀ sára irin, mo sì tún gbogbo rẹ̀ yà. Kọ̀ǹpútà ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí fi ń ṣe irú rẹ̀. Ohun tó ń kó mi nírìíra jù ni pé iṣẹ́ yẹn dùn mọ́ mi. Mo ń súfèé bí mo ṣe ń gé e.

Níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ gbé fọ́tò náà jáde, wọ́n bi mí bóyá èmi ni mo yà á. Mo ní èmi ni. Àlàó fi ọwọ́ òsì gba fọ́tò náà, ó wò ó títí. Ó kígbe pé, "Irọ́ ni! Irọ́ ni fọ́tò yìí ń pa!" Wọ́n ní òun ló yọ ìdérí fúnra rẹ̀. Wọ́n lé e lọ lọ́wọ́ òfo.

Ìyàwó rẹ̀ gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé, "Ṣebí ìwọ nìyí, irin nìyí lẹ́yìn rẹ?" Nígbà tó yá, Àlàó fúnra rẹ̀ ń sọ pé bóyá ìrora ló jẹ́ kí òun gbàgbé. Mò ń gbọ́ láti yàrá tèmi. Mo dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ló bà mí, ojú sì tún ń tì mí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Àlàó jáde láti jẹ́rìí. Ó ti darúgbó. Ó ní kí ìjọ bá òun tọrọ àforíjì, pé òun purọ́ mọ́ iléeṣẹ́ tó gba òun síṣẹ́, pé òun ló yọ irin náà. Ìjọ ṣe àmín. Ó wá síbi tí mo jókòó, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan.

"Bọ̀dá Fọ́tò, ẹ foríjì mí. Mo pe iṣẹ́ yín ní irọ́ lójú gbogbo èèyàn."

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń wò mí. Mo ní, "Dìde, Àlàó. Mo ti foríjì ọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ òótọ́ fún un báyìí?