Mo Rí Ẹni Tó Kọ Èsì Irọ́ fún Àwọn Ọmọ Wa nínú Iná

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jókòó dáadáa kí ẹ gbọ́ mi. Alàgbà Ọlátẹ́jú, ẹ má wulẹ̀ ṣẹ́jú sí ẹni tó ń mójú tó makirofóònù. Bí ó bá pa á, ohùn mi á ṣì dé ẹnu géètì.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ fẹ́ so Ṣadé ọmọ yín pọ̀ mọ́ Káyọ̀dé. Káyọ̀dé jẹ́ AS. Ilé-iṣẹ́ tó ń fi itọ́ ṣàyẹ̀wò ló kọ AA fún Ṣadé. Nítorí èsì yẹn ni mo ṣe dìde.

Kí n tó sọ ìran tí mo rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí gbogbo wa fojú rí. Ẹ mọ̀ pé kẹ́mísírì ara ènìyàn ni mo kọ́ ní yunifásítì, mi ò sì ní sọ ohun tí kò dá mi lójú. Ìjọ yìí ní òfin pé kò sí ẹni tí a óò so pọ̀ láìmú èsì jẹ́nótáìpù wá. Òfin rere ni. Àmọ́ ẹ gbé òfin rere lé àwọn onítọ́ lọ́wọ́. Wọ́n tẹ́ tábìlì sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí àwọn ọmọ wa tutọ́ sínú ike kékeré, wọ́n kó àwọn ike náà sínú bùútù ọkọ̀, ọkọ̀ náà sì wà nínú oòrùn títí ìsìn fi parí. Mo sọ ọ́ nígbà náà pé itọ́ yẹn á bàjẹ́. Alàgbà ní, "Sister Bíọ́lá, ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọṣẹ́ ṣiṣẹ́ wọn o."

Wọ́n kọ AA fún àbúrò mi, Àbẹ̀kẹ́. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ AS. Ẹ so wọ́n pọ̀, a jó, a jẹ. Wọ́n bí Tòmíwá, ó jẹ́ SS. Ìgbà tí wọ́n wá fa ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ní ọsibítù, AS ni òun náà. Mo gba ọ́fíìsì àwọn onítọ́ lọ. Ọmọbìnrin tó jókòó níwájú rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ò ka ohun tó wà lẹ́yìn ike ni? Fún ìmọ̀ àti ìgbádùn nìkan ni àyẹ̀wò wa." Ìgbádùn! Ọmọ tó ń fi eyín ya ìrọ̀rí nítorí egungun tó ń ro ó! A sin Tòmíwá. Mo wá bá Alàgbà nílé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní kí n má ba orúkọ ìjọ jẹ́.

Ó dáa. Ẹ gbọ́ ìran.

Lọ́sàn-án Jímọ̀, mo gbàdúrà ààwẹ̀ tán, orúnkún mi ò tíì kúrò nílẹ̀, mo gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì, oorun sì gbé mi lọ. Mo bá ara mi lójú ọ̀nà kan tó funfun bí eérú. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ àlà di ọrùn ọwọ́ mi mú. Kò kí mi. Ó ní, "O ti ń fẹjọ́ sùn tipẹ́. Wá wo ibi tí ẹjọ́ náà dé."

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wa, bí irun tó ń jó. A kọjá lára àwọn alágbèrè tí iná lẹ̀ mọ́ra wọn, tí wọ́n ń fà, tí awọ ara wọn ń ya. A kọjá lára àwọn tó ń ni aláìní lára, òkúta ńlá ń yí lórí àyà wọn lọ, ó ń yí padà bọ̀. Mo fẹ́ dúró. Ó ní, "Kì í ṣe àwọn wọ̀nyí lo wá wò."

A dé etí àfonífojì kan. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe omi. Itọ́ ni, ó ń hó, ó ń yọ èéfín. Àwọn ènìyàn wà nínú rẹ̀ dé ọrùn, àwọn áńgẹ́lì sì fi ìkọ́ irin kọ́ wọn lágbọ̀n, wọ́n fa ẹnu wọn ya dé etí, wọ́n ń da itọ́ gbígbóná náà sí wọn lọ́fun, ọ̀fun ń bó, ikùn ń bẹ́, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ rán ikùn náà pọ̀, wọ́n sì tún ń dà á. Mo ní, "Àwọn wo nìyí?" Ó ní, "Àwọn tó fi irọ́ sẹ́nu ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé wọn."

Láàárín ibẹ̀ ni pẹpẹ irin kan wà, ó pọ́n fún iná. Mo rí ẹni tí wọ́n dè mọ́ ọn. Ẹ̀yin ará, mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ onítọ́ ni, ẹni tí a ṣe ìsìn ìrántí fún nínú ilé yìí, tí ẹ pè ní ọ̀rẹ́ ìjọ torí pé ó ra jẹnẹrétọ̀ fún wa. Wọ́n gbé òòlù, wọ́n fọ́ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n fọ́ ojúgun, wọ́n fọ́ itan, ó ké, eyín rẹ̀ rún sí i lẹ́nu, wọ́n fọ́ ìbàdí, wọ́n ń ṣẹ́ egungun ìhà rẹ̀ bí igi ìdáná, egungun yọ gba inú ẹran jáde, ẹ̀jẹ̀ ń ta sórí irin ó ń hó ṣàà, mo ní ó ti kú, ó ti parí, àfi bí egungun náà ṣe so pọ̀, tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìka ẹsẹ̀.

Ẹnìkan kígbe láti inú itọ́, ọkùnrin tó máa ń bá a polówó ọjà ni. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ fara balẹ̀! Fún ìgbádùn nìkan ni!" Gbogbo àfonífojì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn burú ju igbe lọ.

Mo ní fún aláṣọ àlà náà pé, "Olúwa mi, ó pọ̀ jù."

Ó ní, "Ìrora Tòmíwá ni. A ò fi nǹkan kan kún un."

Mo sún mọ́ ọkùnrin náà. Mo ní, "Báwo lẹ ṣe kọ AA fún àbúrò mi?" Nígbà tí egungun rẹ̀ so pọ̀ díẹ̀, ó dáhùn bí ẹni tó wà nípàdé. Ó ní, "Itọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́. Bí a bá ní kí oníbàárà tún tutọ́, inú á bí i, kò ní sọ nípa wa fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. A jókòó, a pinnu rẹ̀: èyí tó bá bàjẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ni ká kọ sí i. AA ló pọ̀ jù. Ẹnikẹ́ni kì í bínú sí AA."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Torí pé ẹ̀yin lẹ ń fi dandan mú wọn. A ò tún ní láti polówó níbẹ̀. Àwọn alàgbà ló ń bá wa pè wọ́n." Òòlù bọ́ lé e lórí ìka ẹsẹ̀.

Ìkọ́ irin kan dá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣófo, wọ́n ń pọ́n ọn lọ́wọ́. Mo bi amọ̀nà mi pé, "Ta ló ni èyí?" Ó ní, "Ẹni tí wọ́n sọ fún, tó sì dákẹ́." Alàgbà, mi ò gbọ́ orúkọ. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ.

Ó fà mí gun òkè. Afẹ́fẹ́ yí padà. Mo rí àwọn ìyá àdúrà wa tó ti lọ, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù, wọ́n ń takùrọ̀sọ. Mo gbọ́ ẹnìkan tó ń sáré bọ̀. Tòmíwá! Ọmọ tí kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà láìjókòó! "Àǹtí Bíọ́lá! Ẹ wo ẹsẹ̀ mi! Ẹ jẹ́ ká sáré ìje!"

Mo ní, "Rọra, má ṣubú."

"Àǹtí, a kì í ṣubú níbí, àfi ẹ̀yin àgbà."

Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún. Ìgbà náà ni mo rí i pé wọ́n ń tẹ́ ibùsùn kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Mo bi í pé ta ló ń bọ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Ọmọ Ṣadé ni. Wọn ò tíì bí i. Èmi ni n óò kọ́ ọ ní eré."

Mo fò mọ́ ibùsùn náà. Mo fi eyín fa aṣọ rẹ̀ ya, mo ń lu áńgẹ́lì tó ń tẹ́ ẹ, mo ń pariwo pé, "Ẹ ká a! Ẹ ká a kúrò!" Amọ̀nà mi gbá mi mú láyà. Ó ní, "Kì í ṣe ibí ni wọ́n ti ń ká a. Padà lọ." Ó tì mí.

Mo jí, mo ti gé ahọ́n ara mi jẹ, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára bẹ́ẹ̀dì.

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ tutọ́ sínú ike wọn, ẹ lọ fa ẹ̀jẹ̀. Ẹ má gba èsì kankan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Alàgbà, mi ò bẹ̀ yín mọ́, mo ti bẹ̀ yín rí. Ṣadé ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ṣadé, ọmọ rere ni Káyọ̀dé. Mi ò ní kí o kọ̀ ọ́, mo ní kí o mọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ bá jẹ́ AA, n óò kúnlẹ̀ bẹ bàbá rẹ lójú gbogbo ìjọ, n óò sì jó níbi ìgbéyàwó rẹ títí ìdí mi á fi ro mí. Bí ó bá jẹ́ AS, wàá sunkún, èmi náà á bá ọ sun ún. Ẹkún àgbàlagbà nìyẹn, ó máa ń tán.

Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń fa ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù lónìí, mo ti béèrè. Mo ti kọ orí ọkọ̀ mi sí títì. Dìde, ọmọ mi, jẹ́ ká lọ.