Ẹsẹ̀ Ni Mo Fi Gbọ́ Dùùrù

Nídìí ẹ̀rọ ìlọgbàdo ní Adja-Ouèrè ni obìnrin kan ti kojú sí ìyá àgbà kan tó wà nínú ìjọ aláṣọ funfun.

"Ìyá, ojú tì mí lánàá. Ẹ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kàtídírà àwa Àgùdà ní Àjàṣẹ́!"

"Ṣé ilé Ọlọ́run kọ́ ni? Àwa kì í wọ bàtà wọ ibẹ̀."

"Dùùrù tí wọ́n tẹ̀ lọ́sàn-án la lọ gbọ́, kì í ṣe ìsìn."

"Mo gbọ́ dùùrù náà dáadáa. Nígbà tó ń dún kíkankíkan, ilẹ̀ ń gbọ̀n, ó gba àtẹ́lẹsẹ̀ mi gòkè dé orúnkún. Ẹsẹ̀ ni mo fi gbọ́ ọ. Ìwọ ńkọ́?"

Obìnrin náà wo bàtà rẹ̀. "Etí nìkan ni."

Ìyá kí i bí ẹni ń kí ẹni tó febi sùn: "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi."