Yẹtí Ìyá Mi Tó Wà Nísàlẹ̀ Ọ̀sà

Gbé abọ́ ìrẹsì yẹn kúrò níwájú mi, Sabina, mo ní o gbé e kúrò! Ìrẹsì kí ni? Ìrẹsì àwọn òtòṣì inú ìjọ? Háà, ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará ilé, ẹ wá wo nǹkan, ìyàwó Pásítọ̀ Kọ́ládé gbé ìrẹsì wá fún èmi Sàwúdátù, ó ní kí n jẹ, kí n má bínú mọ́! Kí lo wí? Pé kí n má pè ọ́ lórúkọ? Mọ́mì ni kí n máa pè ọ́? Mọ́mì kọ́, dádì ni! Ìwọ tá a jọ gbé ilé kan náà ní Abúlé Òkúta, tí ilẹ̀kùn yàrá mi kọjú sí tìẹ, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn mi ni àkọ́bí rẹ gbé títí ó fi mọ ìrìn! Tá a bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, màá pè ọ́ ní Mọ́mì, màá tún kúnlẹ̀ mọ́ ọn. Nínú yàrá tí mo ń san owó rẹ̀ yìí, Sabina ni wàá máa jẹ́.

Jókòó. Má dìde. O ní o wá mọ ìdí tí mi ò fi wá sípàdé àdúrà, mo sì fẹ́ sọ ọ́.

Ṣé o ò rí ohun tí ọkọ rẹ fojú mi rí lọ́jọ́ Ìsinmi ni? O rí i! Iwájú lo jókòó sí. Ó wàásù, ó wàásù, ó ní ègún ni òṣì, ó ní Bàbá tó lọ́rọ̀ kì í bí ọmọ tó ń wọ àkísà, ó wá na ọwọ́ sí ọ, ó ní dìde, o sì dìde, o yí orí síbí, o yí orí sọ́hùn-ún, ó ní, "Ẹ wo bí ọmọ ọba ṣe ń múra!" Gbogbo ìjọ pariwo halelúyà, èmi náà pariwo, kí ojú mi tó rí ohun tí ẹnu mi ń pariwo lé lórí. Wúrà! Wúrà létí rẹ, Sabina! Mo kọ́kọ́ rò pé ojú ló ń ṣe mí. Mo nu ojú mi nù, mo tún wò ó.

Ọkọ rẹ wá ní kí ẹni tí ẹ̀mí òṣì bá ń dà láàmú jáde síwájú. Mo jókòó tèmi. Kí ni mo fẹ́ jáde lọ ṣe? Mo níṣẹ́ lọ́wọ́. Ilé ìtẹ̀wé ni mo wà ní Ṣómólú láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, mò ń ká ìwé títí ìka mi á fi bó, ẹnikẹ́ni ò wá kan ilẹ̀kùn mi pé mo jẹ òun ní gbèsè, nínú ọ̀wọ́n gógó Sáàpù ìjọba tá a wà yìí, tí búrẹ́dì di nǹkan tá à ń wò lẹ́yìn gíláàsì. Mo ní mo jókòó! Úṣà kan ló wá gbá mi léjìká, ọmọ tí mi ò bá bí, ó ní, "Ìyá, ẹ jáde, Pásítọ̀ ń wò yín." Ó fà mí lápá. Gbogbo èèyàn ń wò mí. Ọkọ rẹ gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó gbé máíkì sí mi lẹ́nu, ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́wọ́, ẹ̀ṣẹ̀ wo lẹ ṣẹ̀ tí òṣì fi rọ̀ mọ́ yín báyìí?"

Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀! Èmi! Níwájú ìjọ! Kọ́ládé ló ń bi mí! Sabina, dá mi lóhùn, má wolẹ̀, ìwọ tó o mọ̀ ọ́n, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀?

Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ ni pé mo gbọ́ tiyín. Òun náà nìyẹn!

Àbí o ti gbàgbé ni? Ọdún tí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí wọ́n ń fi kòbókò tò wá sórí ìlà nítorí agolo mílíìkì, ọdún yẹn náà ni wọ́n dá ọkọ rẹ dúró lẹ́nu iṣẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù nínú pálọ̀ yín. Bàtà kan ló ní, ó rán an, ó tún un rán. Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn kiri. Mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ẹ̀, kí n má purọ́, mo ní èyí gan-an ni ìránṣẹ́ Ọlọ́run, kò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òun ló ní ká bọ́ yẹtí, ká bọ́ ẹ̀gbà ọrùn, ó ní ẹ̀wọ̀n Èṣù ni wúrà, ó ní obìnrin tó bá wọ̀ ọ́ ò lè gba ẹnu ọ̀nà ọ̀run kọjá. A gbà. Mo gbà á tọkàntọkàn.

Wúrà tèmi kì í sì í ṣe wúrà tí mo rà, o mọ̀. Ìyá mi ló fún mi. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí, ilé ìmàle ni mo ti wá, ọjọ́ tí mo di onígbàgbọ́, gbogbo ilé bàbá mi ló kọ̀ mí, ìyá mi nìkan ló ní, "Ìsìn tó bá wù ọ́ ni kó o ṣe, ọmọ mi ni ọ́." Ó lọ sí Mẹ́kà, ó ra wúrà yẹn bọ̀ látinú òwò aṣọ tó fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ ṣe, ọjọ́ ìgbéyàwó mi ló fọwọ́ ara ẹ̀ fi sí mi létí, ní ṣọ́ọ̀ṣì o, Àlájà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì nítorí mi!

Mo bẹ ọkọ rẹ. Ṣé mi ò bẹ̀ ẹ́ ni? Mo ní, Pásítọ̀, ẹ jẹ́ n dá a padà fún ìyá mi. Ó ní rárá, ṣé màá gbé májèlé fún ìyá mi ni? Mo ní, ẹ jẹ́ n tà á, ká fi ra páànù ilé Ọlọ́run. Ó ní owó Èṣù ò gbọdọ̀ wọ ilé Olúwa. Ó ní ẹni tá a bá fún, ẹni tá a bá tà á fún, ẹ̀mí inú ẹ̀ á bá a lọ, pé omi nìkan ló lè gbà á. Èmi àti ìwọ la jọ lọ. Ojúmọmọ ni, létí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ń wò wá, a wọ ọkọ̀ ojú omi, nígbà tá a dé ibi tó jìn, o bẹ̀rẹ̀ orin. Ìwọ ju tìẹ, tìẹ tí kò ju bàbà tí wọ́n kùn lọ. Èmi ju tèmi. Mo sunkún, o ní ẹkún ayọ̀ ni. Ẹkún ayọ̀! Mo gbà ọ́ gbọ́, Sabina, mo nu ojú mi, mo bá ọ gbe orin.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, ìyá mi wá kí mi. Ó wo etí mi, ó ní, "Sàwúdátù, yẹtí rẹ dà?" Kí n tó lanu, ọkọ rẹ tó jókòó sórí àga mi ló dá a lóhùn, ó ní, "Àlájà, ó ti da ohun Èṣù sómi." Ìyá mi ò tiẹ̀ wò ó. Èmi ló wò. Ó ní, "Ṣé ohun Èṣù ni mo fún ọ? Tó ò bá fẹ́ ẹ mọ́, ṣé mi ò sí láyé tó o lè dá a padà fún ni?" Mo wo ojú ọkọ rẹ, ó ń mi orí sí mi pé kí n dúró ṣinṣin. Mo dúró ṣinṣin. Ìyá mi gbé báàgì ẹ̀, ó jáde.

Láti ọjọ́ yẹn, kò jẹ́ kí n wọ yàrá òun mọ́. Mo lọ nígbà Iléyá, wọ́n ní Àlájà ń sùn. Ọ̀sán gangan! Mo lọ lẹ́yìn ààwẹ̀, wọ́n ní Àlájà ń sùn. Ràmọ́nì ẹ̀gbọ́n mi sì wá síbí láàárọ̀ àná, ó ní Àlájà ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, ó ní tí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, kí n tètè wá sọ ọ́. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọ̀rọ̀ wo ló wà lẹ́nu mi tó máa gbà gbọ́?

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, ó dùn mí wọ egungun! Mi ò bínú pé ẹ lówó. Ẹ fi wúrà bora, ẹ fi ra mọ́tò, kò kàn mí. Wàláì! Hẹn, ó bọ́ lẹ́nu mi, má wò mí bẹ́ẹ̀, tínú bá bí mi, ohùn ilé wa ló ń jáde. Ṣùgbọ́n nígbà wo ni Ọlọ́run yí ohùn padà? Ta ló wà níbẹ̀? Àwọn tó bọ́ wúrà, ta ni ẹ ránṣẹ́ sí nínú wọn pé òfin yẹn ti yí padà? Nílé ìtẹ̀wé, lórí tábìlì tí mo ti ń ká ìwé, ni mo ti rí ìwé ìsọjí yín, "Ọdún Ọlà," wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà. Mo ní bóyá ọlà ti ọ̀run ni. Mo ká gbogbo ẹ̀, mo tò ó jọ fún yín dáadáa. Ẹ kun pátákó ìjọ, ẹ yí orin padà, kò sẹ́ni tó dìde pé, ẹ̀yin ará, ohun tá a sọ níjọ́sí, a ṣì í.

Kí lo wí? Sọ ọ́ sókè. Ìmọ́lẹ̀ tuntun? Pé bẹ́ ẹ ṣe mọ̀ ọ́n nígbà yẹn ló mọ? Ó dáa, mo gbà. Kí ló dé tí ọkọ rẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ nínú máíkì? Kí ló dé tó jẹ́ èmi ló ní kó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀?

Kí lò ń ṣe yẹn? Kí lò ń tú létí? O fẹ́ bọ́ yẹtí yẹn fún mi? Hẹ̀ẹ̀! Sabina! O rò pé wúrà ni mò ń sunkún ẹ̀ láti àárọ̀? Fi í sétí padà. Mo ní o fi í sétí padà, má jẹ̀ẹ́ n fọwọ́ kàn ọ́!

Gbọ́ ohun tí mo fẹ́. Lọ́la, kí iṣẹ́ òòjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìwọ àti ọkọ rẹ ẹ wá mú mi nínú mọ́tò yín yẹn, ká jọ lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Tí wọ́n bá ní Àlájà ń sùn, a máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí tó máa fi jí. Kí Kọ́ládé kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé èmi kọ́ ni mo pe ẹ̀bùn ẹ̀ ní ohun Èṣù, òun ni, òun sì ṣì í. Kí ìyá mi gbọ́ ọ kó tó kú.

Ìwọ náà, má bọ́ yẹtí yẹn o. Òun gan-an ni kó o wọ̀ débẹ̀. Ojú ìyá mi ò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà kó o sún mọ́ ọn, kó o tẹ orí ẹ wálẹ̀, kó fọwọ́ kan wúrà tó wà létí ìyàwó Pásítọ̀.